Ásíìdì Inú Ẹ̀jẹ̀, Ọ̀rá Inú Ẹ̀dọ̀

Ìwé kékeré kan ni dókítà fi rán bàbá náà wá. Ohun méjì ló kọ sínú rẹ̀: kí wọ́n wọn yúríìkì ásíìdì inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì ya síkáànì ikùn rẹ̀, kí wọ́n wo ẹ̀dọ̀ dáadáa. Bàbá yìí ti lé díẹ̀ ní ẹni 50 ọdún. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ kìlógíráàmù 104, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 1.70. Bí àwọn oníṣègùn bá ṣírò méjèèjì pọ̀, BMI rẹ̀ jẹ́ 36, bẹ́ẹ̀ láti 30 sókè ni wọ́n ti ń sọ pé ènìyàn sanra jù. Kò tíì jẹun láti alẹ́ àná. Iṣẹ́ ọwọ́ ẹni méjì ni ìwé yẹn ń béèrè, nínú yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ní ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn.

Òṣìṣẹ́ láàbù, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, so rọ́bà mọ́ apá bàbá náà lókè ìgúnpá. Kì í jẹ́ kí rọ́bà yẹn pẹ́ ju ìṣẹ́jú 1 lọ. Bó bá pẹ́, omi á máa jò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ tó há síbẹ̀, èyí tó kù á ki, iye tí ẹ̀rọ máa kà á sì yàtọ̀ sí òótọ́. Iṣan kì í sábà hàn lápá ẹni tó sanra, nítorí náà kò fi ojú wá a. Ó fi ìka ìfábẹ̀là tẹ ibi tí apá ti ń ṣẹ́, ó gbé ìka náà, ó tún tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ibi tó tẹ̀ tí kò ta padà, ẹran lásán ni. Ibi tó ta padà sí i níka ló fi òwú àti sípírítì nù, ó sì dúró kí sípírítì náà gbẹ.

Ó fi àtàǹpàkò òsì fa awọ ara wálẹ̀ díẹ̀ kí iṣan má baà yẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́. Ẹnu abẹ́rẹ́, tí wọ́n gé ní ìdàgẹ̀rẹ̀, kọjú sókè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wọlé, kò wá iṣan kiri nínú ẹran. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fa ẹ̀jẹ̀ náà, torí bí a bá fi agbára fà á, àwọn sẹ́ẹ̀lì pupa á fọ́, àwọ̀ wọn á sì ba iṣẹ́ tó ń bọ̀ jẹ́. Rọ́bà ló kọ́kọ́ tú kó tó yọ abẹ́rẹ́.

“Dádì, ẹ fi òwú yìí tẹ̀ ẹ́. Ẹ má ká apá yín o, ẹ nà án báyìí.”

Ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́nu síríǹjì, ó wá rọra da ẹ̀jẹ̀ náà sínú túùbù, ó jẹ́ kó máa gba ẹ̀gbẹ́ ògiri túùbù ṣàn lọ sísàlẹ̀, kò hó rárá. Ojú bàbá náà ló ti kọ orúkọ àti nọ́ńbà sára túùbù, kò dúró dìgbà tí ó bá jáde. Lẹ́yìn náà ló gbé e sórí àgbékà, ó sì fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí kó dì. Bí èèyàn bá kánjú sí ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì dì tán, okùn tín-ín-rín á máa yọ nínú omi rẹ̀, okùn yẹn á sì dí ẹnu ohun tí wọ́n fẹ́ fi bù ú. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Nígbà tó dì, ó kan sẹ́ńtífúùjì, ẹ̀rọ tó ń fi eré yí túùbù bírí títí ohun tó wúwo á fi lọ sísàlẹ̀. Túùbù kan ṣoṣo kì í wọ inú ẹ̀rọ yìí. Ó bu omi sínú òmíràn, ó gbé méjèèjì sókè sí ọ̀gángán ojú rẹ̀, ó wò wọ́n, ó kán omi kan sí i, ó tún wò wọ́n. Ó wá fi wọ́n sínú ihò méjì tó dojú kọ ara wọn. Bí wọn kò bá dọ́gba, ẹ̀rọ á máa gbọ̀n, ohun tó ń yà sọ́tọ̀ á sì tún dà pọ̀. Ó fi ìṣẹ́jú 10 yí i, ó sì jẹ́ kó dúró fúnra rẹ̀, kò fọwọ́ dá a dúró. Ẹ̀jẹ̀ dídì ti tẹ̀ sísàlẹ̀, omi ẹ̀jẹ̀ wà lókè, ó mọ́ gaara, àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ yẹ́lò fẹ́ẹ́rẹ́. Ó gbé e sójú iná, ó wò ó. Ká ní ó pọ́n ni, yóò dà á nù, yóò sì lọ bẹ bàbá náà pé kó tún na apá.

Túùbù 4 ló wá tò síwájú ara rẹ̀. Oògùn ìdánwò nìkan ló wà nínú ti àkọ́kọ́. Nínú ìkejì, ó máa fi omi kan sí oògùn náà, omi tí wọ́n ti mọ̀ pé mílígíráàmù 6 yúríìkì ásíìdì ló wà nínú dẹ́sílítà rẹ̀ kan, ìyẹn ìdá kan nínú 10 lítà. Ìkẹta wà fún omi ẹ̀jẹ̀ tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é ti kọ iye rẹ̀ sára igò, láti fi dán iṣẹ́ òun fúnra rẹ̀ wò. Ìkẹrin ni ti bàbá.

Pìpẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀ ń bu màíkírólítà 20, kò tó ìdajì ẹ̀kán omi kan. Ó tẹ orí rẹ̀ dé ibi ìdúró àkọ́kọ́, ó ti ṣóńṣó rẹ̀ bọ inú omi ẹ̀jẹ̀, kò rì í jìn, ó sì ń jọ̀wọ́ àtàǹpàkò díẹ̀díẹ̀. Bó bá jọ̀wọ́ rẹ̀ lójijì, afẹ́fẹ́ á bá a wọlé, iye tó bù á sì dín. Ó nu ara ṣóńṣó náà láìfọwọ́ kan ẹnu rẹ̀. Ó gbé e ti ògiri túùbù, ó tẹ̀ ẹ́ dé ìdúró àkọ́kọ́, ó sinmi díẹ̀, ó wá tẹ̀ ẹ́ kọjá ibẹ̀ kí èyí tó bá lẹ̀ mọ́ inú jáde. Ṣóńṣó tuntun ló lò fún túùbù kọ̀ọ̀kan.

Ẹ́ńsáìmù kan wà nínú oògùn ìdánwò yẹn tí wọ́n ń pè ní uricase. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ yúríìkì ásíìdì di allantoin, ohun tó ń yòrò sínú omi wẹ́rẹ́. Ajá ní in nínú ẹ̀dọ̀, ewúrẹ́ ní in, eku ní in. Àwa kò ní in: jíìnì tó yẹ kó máa ṣe é ti bàjẹ́ lára àwọn baba ńlá tó bí àwa àti àwọn ìnàkí, láti ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ọdún sẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ásíìdì tí ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ ń fọ́ dànù fi ń dúró nínú ẹ̀jẹ̀ tiwa títí kíndìnrín àti ìfun á fi gbé e jáde. Iṣẹ́ tí ẹ̀dọ̀ bàbá yìí kò lè ṣe ni obìnrin náà ń jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ nínú túùbù lójú rẹ̀.

Bí uricase ṣe ń fọ́ ásíìdì ni hydrogen peroxide ń jáde. Ẹ́ńsáìmù kejì á gba ìyẹn, á fi so èròjà méjì tí kò láwọ̀ pọ̀, àwọ̀ pupa kan á sì yọ. Bí ásíìdì bá ṣe pọ̀ tó ni pupa náà á ṣe ki tó. Ìṣẹ́jú 5 ni túùbù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lò nínú ọpọ́n omi tí iná mànàmáná ń mú dúró ní 37°C, ìgbóná ara ènìyàn gan-an. Láàárín ìṣẹ́jú yẹn ló bi bàbá náà léèrè bóyá ó lo fítámì C lánàá tàbí láàárọ̀. Fítámì C máa ń gba hydrogen peroxide jẹ kó tó di àwọ̀, iye tó bá jáde á sì kéré ju òótọ́ lọ. Bàbá ní òun kò lò ó.

Kọlórímítà ló ń ka bí àwọ̀ ṣe gbé ìmọ́lẹ̀ mì tó. Ó fi túùbù àkọ́kọ́ dá a padà sí òdo. Omi tí wọ́n mọ iye rẹ̀ ka 0.240. Ti bàbá ka 0.332. Kí ó tó ṣírò ohunkóhun, ó ka túùbù ìkẹta, ó fi í wé ohun tó wà lára igò, ó rí i pé ó bọ́ sáàárín ààlà. Nígbà náà ló tó mú bírò. Ó fi 0.240 pín 0.332, ó sọ èyí tó jáde di ìlọ́po 6: mílígíráàmù 8.3 nínú dẹ́sílítà kan. Ní ọ̀pọ̀ láàbù, ti ọkùnrin kì í ju nǹkan bíi 7 lọ. Láti nǹkan bíi 6.8 sókè, ásíìdì náà ti pọ̀ ju èyí tó lè yòrò nínú omi ẹ̀jẹ̀ lọ, àjùlọ rẹ̀ sì lè di kírísítálì ẹlẹ́nu ṣóńṣó kó lọ jókòó sí oríkèé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ó kọ 8.3, ó kọ ààlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ sí i. Kò kọ ìdí kankan.

Ní yàrá síkáànì, wọ́n ti dín iná kù. Ọ̀dọ́kùnrin tó ń ya á di igò jẹ́ẹ̀lì mú díẹ̀ kí òtútù rẹ̀ kú, ó wá tú u sí abẹ́ ìhà ọ̀tún bàbá. Afẹ́fẹ́ bíńtín tó bá wà láàárín próòbù àti awọ ara á lé gbogbo ìró padà, jẹ́ẹ̀lì ló ń lé afẹ́fẹ́ yẹn kúrò. Próòbù olórí roboto ló mú. Ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, ìgbì mílíọ̀nù 2 sí 5 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan, òun náà ló sì ń gbọ́ ìró tó bá padà. Ẹ̀rọ gbà pé mítà 1,540 ni ìró ń rìn nínú ẹran ara ní ìṣẹ́jú-àáyá kọ̀ọ̀kan. Èyí tó lọ sí sẹ̀ǹtímítà 10 tó sì padà kò lò ju nǹkan bí ìdá kan nínú 7,700 ìṣẹ́jú-àáyá lọ. Àkókò yẹn ni ẹ̀rọ fi ń mọ bí nǹkan ṣe jìn tó. Ìgbì tó pọ̀ ń fi nǹkan hàn kedere, ṣùgbọ́n kì í rìn jìnnà. Nítorí ọ̀rá tó wà lábẹ́ awọ bàbá yìí, ó yí i sísàlẹ̀, ó yááfì díẹ̀ nínú dídán àwòrán kí ojú rẹ̀ lè dé ẹ̀yìn ẹ̀dọ̀.

“Dádì, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀ díẹ̀. Ẹ gbé ọwọ́ ọ̀tún yín sókè orí. Ẹ fa èémí sínú… ẹ dì í mú.”

Ọwọ́ tó gbé sókè ya egungun ìhà kúrò lára ara wọn. Èémí tó fà sínú ti ẹ̀dọ̀ wálẹ̀ kúrò lábẹ́ wọn. Ó ní ìwọ̀nba ìṣẹ́jú-àáyá kí bàbá tó mí. Kò wọ́ próòbù kiri. Ó fi ẹnu rẹ̀ gún ojú kan, ọrùn ọwọ́ nìkan ló ń fì díẹ̀ sókè, díẹ̀ sísàlẹ̀, ẹ̀dọ̀ sì ń kọjá lójú amóhùnmáwòrán ní ìpele-ìpele, láti apá ọ̀tún títí kan àpò òróòro. Ọwọ́ òsì rẹ̀ wà lórí bọ́tìnnì, ó dá àwòrán dúró lọ́gán. “Ẹ mí, Dádì.”

Ọgbọ́n iṣẹ́ yìí wà nínú ohun tó ṣe tẹ̀ lé e. Ẹ̀dọ̀ tó ní ọ̀rá máa ń funfun lójú ẹ̀rọ, torí ọ̀rá inú sẹ́ẹ̀lì ń tú ìró ká. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì kan wà tó ń fi agbára kún ìró tó bá padà. Ẹni tó bá yí i sókè jù lè sọ ẹ̀dọ̀ tó dára di funfun, ẹni tó bá yí i sísàlẹ̀ jù lè bo ọ̀rá mọ́lẹ̀. Nítorí náà kì í dá ẹ̀dọ̀ nìkan wò. Ó wá ojú ibi tí ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín ọ̀tún ti wà nínú àwòrán kan náà, ní jíjìn kan náà, kí bọ́tìnnì kan náà lè ràn wọ́n lọ́gbọọgba. Ó yẹ kí àwọ̀ ẹ̀dọ̀ àti ti èèpo òde kíndìnrín fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba. Ti bàbá yìí kò dọ́gba: ẹ̀dọ̀ funfun, kíndìnrín ṣú sábẹ́ rẹ̀, ààlà àárín wọn hàn gedegbe. Ó ti kọ́kọ́ yẹ kíndìnrín náà wò fúnra rẹ̀, torí kíndìnrín tó ń ṣàìsàn máa ń funfun, ẹni tó bá fi í ṣe òṣùwọ̀n á ṣìnà.

Lẹ́yìn èyí ló wá àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ láti ìfun wá sínú ẹ̀dọ̀. Ògiri wọn máa ń mọ́lẹ̀ bí ìlà méjì. Nínú ẹ̀dọ̀ yìí, ìlà náà ti ń pòórá. Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi tó jìn jù, níbi tí awọ tó pààlà àyà àti ikùn wà. Ọ̀rá ń ṣe sí ìró bí ọyẹ́ ṣe ń ṣe sí ojú lówùúrọ̀: igi ìtòsí hàn, òkè ọ̀ọ́kán ti parẹ́. Ìlà awọ náà ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ ẹ́. Ká ní ó parẹ́ pátápátá ni, ìpele kẹta ọ̀rá ẹ̀dọ̀ ni yóò kọ. Ó kọ ìpele kejì. Ó wọn gígùn ẹ̀dọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀: sẹ̀ǹtímítà 17.2, bẹ́ẹ̀ nǹkan bíi 16 ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ya síkáànì ń lò bí ààlà.

Ohun tí kò kọ pọ̀ ju ohun tó kọ lọ. Kò kọ iye ọ̀rá náà, torí irú síkáànì yìí kì í rí i dáadáa bí kò bá tíì tó nǹkan bí ìdá 20 nínú 100, bẹ́ẹ̀ ìdá 5 péré ti pọ̀ jù fún ẹ̀dọ̀. Kò sọ bóyá àpá ti ń dì sínú rẹ̀. Ẹ̀rọ mìíràn tó ń gbọn ẹ̀dọ̀ jẹ́jẹ́ tó sì ń wọn bó ṣe le tó ló lè bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìyẹn.

Orí tábìlì dókítà ni ìwé méjèèjì ti pàdé. Ásíìdì tó ga àti ọ̀rá inú ẹ̀dọ̀ máa ń bá ara wọn rìn lára ẹni tó sanra jù, ìyẹn kò ya dókítà náà lẹ́nu. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti wá ohun tó fa 8.3 yẹn, torí ohun tó fà á lè ju ẹyọ kan lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí bàbá ń mu. Ṣúgà inú ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ìdajì rẹ̀ ni gúlúkóòsì, ìdajì yòókù ni fúrúkítóòsì. Nínú ẹ̀dọ̀, ẹ́ńsáìmù tó ń gba fúrúkítóòsì kò ní ìjánu. Ó ń ná ATP, agbára tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣiṣẹ́, ju bó ṣe ń rí òmíràn lọ, àfọ́kù ATP tó ṣẹ́kù á sì di yúríìkì ásíìdì. Lójú iṣẹ́ yẹn kan náà, fúrúkítóòsì ń di ọ̀rá. Ásíìdì lọ sínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá jókòó sẹ́dọ̀ọ́.

Ó ṣeé ṣe kí ásíìdì náà máà jẹ́ àfọ́kù lásán. Ní ọdún 2012, Miguel Lanaspa, Richard Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Amẹ́ríkà tẹ iṣẹ́ kan jáde tí wọ́n ṣe lórí àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ ènìyàn tí wọ́n ń tọ́jú nínú àwo. Wọ́n rí i pé yúríìkì ásíìdì fúnra rẹ̀ ń dààmú mitochondria, ibi tí sẹ́ẹ̀lì ti ń ṣe agbára, ọ̀rá sì ń pọ̀ sí i lẹ́yìn rẹ̀. Allopurinol, oògùn tó ń dín ásíìdì náà kù, dín ọ̀rá náà kù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà náà tún ń lọ sẹ́yìn. Ẹni tó sanra jù sábà máa ń ní ínsúlíìnì púpọ̀ lẹ́jẹ̀, ínsúlíìnì sì ń sọ fún kíndìnrín pé kó má tu ásíìdì náà dànù tó bó ṣe yẹ. Sẹ́ẹ̀lì inú àwo kì í ṣe ènìyàn odindi, dókítà kò sì fi ti àwo ṣèdájọ́ bàbá.

Ó ní kí bàbá kó gbogbo oògùn rẹ̀ síta. Nínú láílọ́ọ̀nù tó ti inú àpò bàbá jáde, ó rí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan tó ní hydrochlorothiazide nínú. Ó yí páálí náà, ó ka ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì fàlà sábẹ́ 8.3. Oògùn yẹn máa ń dá yúríìkì ásíìdì dúró lára. Ó bi í nípa bíà àti ẹmu, ó ní kí wọ́n yẹ àrùn mẹ́dọ̀wú B àti C wò, kí wọ́n sì wọn ṣúgà. Ó tẹ oríkèé àtàǹpàkò ẹsẹ̀ méjèèjì: kò dùn ún, kò wú rí. Nítorí náà kò kọ allopurinol. Ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn oríkèé ní Amẹ́ríkà tẹ̀ jáde ní 2020 náà kò gbà wọ́n nímọ̀ràn pé kí wọ́n máa fún ẹni tí ásíìdì rẹ̀ ga lásán, tí kò ní àìsàn oríkèé, ní oògùn tó ń dín in kù.

“Dádì, ẹ má fúnra yín dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró o. Èmi ni mo máa pààrọ̀ rẹ̀.” Ó kọ losartan dípò rẹ̀, èyí tó ń jẹ́ kí kíndìnrín tu díẹ̀ sí i nínú ásíìdì náà dànù. Ó ní kí wọ́n yé ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti màlútù wálé, kí ẹran inú dín kù nínú ọbẹ̀, kí bàbá máa rìn, kí ìwọ̀n ara sì bẹ̀rẹ̀ sí í wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Kìlógíráàmù 7 sí 10 ló kọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àfojúsùn, nǹkan bí ìdá 7 sí 10 nínú 100, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti sábà ń rí i pé ara ẹ̀dọ̀ ń rọ̀.

Ohun tó kọ gbẹ̀yìn sínú fáìlì ni ètò àyẹ̀wò tó ń bọ̀. Lẹ́yìn oṣù 3, ẹ̀jẹ̀ nìkan: láàárọ̀, láìjẹun, ní láàbù kan náà. Bí ásíìdì bá ti wálẹ̀ tí ìwọ̀n ara kò sì yẹ̀, oògùn tí a pààrọ̀ ni ká kọ́kọ́ fura sí. Síkáànì di lẹ́yìn tí bàbá bá ti fọn dáadáa, torí ojú ẹ̀rọ kò lè rí ìyàtọ̀ kékeré: ẹ̀rọ kan náà, ìgbì kan náà, ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín nínú àwòrán kan náà. Ó fàlà sábẹ́ “kan náà” níbi gbogbo tó ti kọ ọ́, kí ìyàtọ̀ tí wọ́n bá rí lè jẹ́ ti ara bàbá, kó má jẹ́ ti ọwọ́ àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò.